Púlọ́ọ̀gì Tó Há: Ẹ Má Fi Agbára Yọ Ọ́

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Kí ẹni tí kò ní mọ́tò má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá, nítorí ẹrù rẹ̀ lè wà nínú mọ́tò ẹlòmíràn lọ́la.

Ó ti pẹ́ díẹ̀, mo bá ọkọ̀ akẹ́rù Bedford kan tó ti dàgbà gan-an kúrò ní Ìjerò, Iléṣà là ń lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ló kún inú rẹ̀, ti ìyá oníṣòwò kan ni, ẹni tó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi rà á. A kọjá Àrámọ̀kọ, a kọjú sí òkè Ẹ̀fọ̀n, ni ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ẹ̀yin tó mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé òkè ibẹ̀ kò gba ọkọ̀ tí ara rẹ̀ kò dá. A dúró.

Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́káníìkì kan yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọ̀kan nínú púlọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kú. Ó fi sípánà sí i, kò mì. Awakọ̀ ní, "Fi páìpù kún un!" Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ní, "Ọmọ mi, ṣe kíá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ń pọ́n." Ọmọkùnrin náà ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, ó fi gbogbo ara tì í. A gbọ́ "kà!" Orí púlọ́ọ̀gì bá sípánà jáde, tánganran rẹ̀ fọ́, ìdí rẹ̀ sì há sínú ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni a fi tú orí ẹ́ńjìnnì, tí a gbé e lọ sí ìgboro kí wọ́n tó rí irin náà yọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti pọ́n, ó ti rọ̀. Ìyá náà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn jókòó sórí òkúta, ó ń ka ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

Mo bi àgbà mẹ́káníìkì tó yọ irin náà léèrè pé, "Bàbá, kí ló yẹ kí a ti ṣe?" Ó ní, "Òru kan péré ló yẹ kí ẹ fi dúró." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Kí ló ń mú kí púlọ́ọ̀gì há? Irin ni ìdí rẹ̀, inú ihò irin ló sì wà. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún láìtú u, omi àti ooru á mú kí ó dípẹtà, èéfín epo tó jó á sì dì mọ́ ẹnu rẹ̀ bí èédú. Bí ẹni tó dè é kẹ́yìn bá ti dè é jù, ọ̀rọ̀ di méjì. Ẹ rántí pé ọkọ̀ tó ń mu epo bẹntiróò ló ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná. Ọkọ̀ tó ń mu dísù kò ní irú rẹ̀.

Bí ó bá há, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ sì tú okùn bátìrì kúrò. Ẹ sàmì sí wáyà púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà ṣì í fi sí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ìdí púlọ́ọ̀gì, kí ẹ sì ya afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ fọkaníṣà láti fẹ́ eruku ibẹ̀ dànù. Yanrìn tó bá já sínú ihò yẹn lè ha inú ẹ́ńjìnnì.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ mú òòfà ilé ẹ̀kọ́ yín wá. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ orí ẹ́ńjìnnì, irin ni. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, alumíníọ̀mù ni, ìyẹn sì rọ̀ ju irin lọ. Bí ẹ bá tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀ nígbà tó gbóná, eyín inú ihò lè bá a jáde. Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ kán òróró tí ń wọ inú ìpẹtà sí ìdí púlọ́ọ̀gì, ẹ fi sílẹ̀ di òwúrọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò ti rìn wọlé. Ní òwúrọ̀, ẹ lo sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá a mu rẹ́gí, kí ó dúró ṣánṣán, nítorí bí ó bá wọ́, tánganran á fọ́. Ẹ yí i díẹ̀ sí òsì. Bí ó bá ti mì, ẹ dúró, ẹ kán òróró sí i, ẹ yí i padà sí ọ̀tún, ẹ tún yí i sí òsì. Bí ó bá ń dún kíní-kíní, ẹ má fi agbára kún un, òróró ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bí kò bá mì rárá, ẹ fún un ní òru kejì.

Bí ó bá ti já, ẹ má ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, ẹ má sì gbá èyí tó kù wọlé. Ẹ wá ẹni tó ní irinṣẹ́ tí a fi ń yọ ọ́.

Kì í ṣe ọkọ̀ àtijọ́ nìkan ni èyí ń ṣe. Láti 2004, Ford ṣe ẹ́ńjìnnì kan fún píkọ́ọ̀pù wọn tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ gùn lẹ́nu, èédú a dì í mú, a sì já sínú. Ìmọ̀ràn tí Ford fún àwọn mẹ́káníìkì ni pé kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí wọ́n yí i díẹ̀, kí wọ́n da oògùn tí a fi ń fọ kabúrétọ̀ sí i, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí wọ́n tó máa yí i lọ, yí i bọ̀. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ bàbá mẹ́káníìkì wa náà ni?

Bí ẹ bá ń fi tuntun sí i, ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí i wọlé. Bí ó bá ní wọ́sà tuntun, ìdajì ìyípo kan lẹ́yìn tí ọwọ́ kò lè yí i mọ́ ti tó o. Kí ẹ sì máa tú u wò lóòrèkóòrè, kí ó má baà di ará ilé.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń háyà ọkọ̀, bí mẹ́káníìkì bá ní kí ẹ fún òun ní òru kan, ẹ má pariwo lé e lórí. Ẹ̀yin tíṣà tí ẹ fi owó àjọ ra ọkọ̀ àlòkù, bákan náà ni. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.