Àdéhùn Ló Ṣáájú Físà: Ọ̀rọ̀ fún Ọ̀dọ́ Tó Ń Fojú Sọ́nà fún Pọ́túgàl



Ọ̀rọ̀ kan ti wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa: "Pọ́túgàl ti ṣílẹ̀kùn. Bí ènìyàn bá ṣáà ti ní kọ̀ǹpútà, wọn á fún un ní físà." Bàbá kan gbọ́ ọ, ó ń ronú àtita ilẹ̀. Ọ̀dọ́ kan gbọ́ ọ, ó ń wá ẹni tí yóò bá a ṣe ayédèrú ìwé báńkì. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé wa. Físà yìí kò tẹ̀lé kọ̀ǹpútà, àdéhùn iṣẹ́ ló tẹ̀lé.

Ẹ jẹ́ kí á wo òfin wọn. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni Pọ́túgàl bẹ̀rẹ̀ físà tí wọ́n ń pè ní D8, fún ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tàbí oníbàárà tó wà lẹ́yìn odi Pọ́túgàl. Kì í ṣe físà ìwáṣẹ́. Iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹni náà kó tó béèrè. Yóò mú ìwé àdéhùn iṣẹ́ wá, yóò sì fi ẹ̀rí hàn pé láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá, owó tó ń wọlé fún un lóṣooṣù tó ìlọ́po mẹ́rin owó oṣù tó kéré jù lọ níbẹ̀. Ní ọdún 2025, 870 yúrò ni owó oṣù tó kéré jù náà. Ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 3,480 yúrò. Ẹni tó bá sì lò ju ọjọ́ 183 lọ níbẹ̀ láàárín oṣù 12 ti bọ́ sí abẹ́ òfin owó orí wọn.

Ṣé ẹ rí i? Ilẹ̀ tí bàbá tà lè ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, kò lè di owó oṣù. Owó tí a yá sínú àkáǹtì fún ọjọ́ mélòó kan kì í ṣe owó tó ń wọlé. Ẹni tó bá fi ìwé irọ́ gba físà, irọ́ ló fi ṣe ìpìlẹ̀ oúnjẹ tí yóò máa jẹ. Bí ẹ́ḿbásì kò bá mọ̀, ṣé Ọlọ́hun kò mọ̀ ni? Áyà àkọ́kọ́ nínú Sūratul Mā'idah pa onígbàgbọ́ láṣẹ pé kó máa mú àdéhùn ṣẹ. Ìwé tí a fọwọ́ sí níwájú ìjọba ilẹ̀ mìíràn náà, àdéhùn ni.

Ẹlòmíràn á ní, "Àáfà, ìlú le, gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é." Ìlú le lóòótọ́, n kò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní iṣẹ́ tí físà yìí ń béèrè lè jókòó sí Ìlọrin kó máa ṣe é. Ẹni tí kò sì ní in, físà kò ní bá a wá a. Nítorí náà, kí á fi owó tí a fẹ́ fún aṣayédèrú kọ́ iṣẹ́ tó dájú ná.

Ohun mìíràn wà tí a lè kọ́ lọ́dọ̀ wọn láìkúrò nílé. Òfin 83/2021, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2022, dá lórí òṣìṣẹ́ tó ń ti ilé ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Ó ní àdéhùn náà gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Ọ̀gá kò gbọdọ̀ yọ òṣìṣẹ́ lẹ́nu ní àkókò ìsinmi rẹ̀, àfi bí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì bá dé. Ìnáwó tó bá pọ̀ sí i nítorí iṣẹ́, bí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀gá ni yóò san án. Kò sì gbọdọ̀ fi kámẹ́rà ṣọ́ òṣìṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá òkè òkun ló ti béèrè irú èyí? Wọ́n ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, oorun gbé wọn lọ ní àsìkò ìrun àsùbáà, ọmọ kò sì rí bàbá. Kí ẹ tó fọwọ́ sí iṣẹ́, ẹ béèrè: ìgbà wo ni mo máa sinmi? Ta ni yóò san owó iná àti dátà? Kí ẹ rí i pé ó wà ní kíkọ. Áyà tó gùn jù lọ nínú Al-Kùránì, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ ló dá lé.

Ṣùgbọ́n bí ìsinmi ṣe jẹ́ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wákàtí iṣẹ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ ọ̀gá. Ẹni tó gba iṣẹ́ méjì sí wákàtí kan náà, tó fi èkejì pamọ́ fún ọ̀gá, ó ti da àdéhùn bí ẹni tó ṣe ayédèrú ìwé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ilé wé ilé, kí ẹ má lé ọmọ yín sínú irọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ iṣẹ́, ẹ mú àdéhùn ṣẹ. Bí ọ̀nà Pọ́túgàl bá wá là, ẹ ó gbà á lọ pẹ̀lú orí gbígbé sókè. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Āmīn.