Kí gómìnà yan olórí, kó fi ìgbéga sílẹ̀

Láti ìgbà tí olóògbé Gómìnà Rótìmí Akérédolú ti ìpínlẹ̀ Oǹdó ti fọwọ́ sí òfin Àmọ̀tẹ́kùn, ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ aláàbò ìpínlẹ̀ náà, ní Àkúrẹ́ lóṣù kẹta ọdún 2020, ohun méjì la sábà ń jiyàn lé lórí: irú ìbọn tó yẹ kí wọ́n gbé, àti iye tó yẹ kí wọ́n máa gbà lóṣù. A kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè ẹni tí yóò máa sọ pé lágbájá tó láti di ọ̀gá láàárín wọn, tàbí ohun tí yóò fi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gómìnà ló ń yan olórí wọn pátápátá, èmi kò sì rí aburú níbẹ̀. Ẹni tí ará ìlú dìbò fún, tí wọn yóò sì dá lẹ́bi bí ajínigbé bá gba ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, ó yẹ kó lè yan ẹni tí yóò máa jíhìn fún un. Ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ olórí yẹn lọ, ìgbéga kò yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń wá ìbò; ìgbìmọ̀ kan ni kó máa fi ìdánwò ṣe é.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gba ọ̀nà yìí rí. Kí ẹgbẹ́ ológun olùyọ̀ǹda wọn tó di Territorial Army, èyí tí òfin ọdún 2014 sọ di Army Reserve, aṣojú ọba ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní Lord Lieutenant, ló ń fi àwọn ọ̀gá jẹ nínú ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda ẹkùn rẹ̀. Ta ni ìbá sì fi jẹ bí kò ṣe ọmọ onílẹ̀ ńlá, ọ̀rẹ́ àti àna? Nínú ẹgbẹ́ ológun gidi pàápàá, owó ni ọ̀pọ̀ fi ń ra ipò. Ọdún 1871, nígbà tí Edward Cardwell jẹ́ mínísítà ogun, ni wọ́n fòpin sí ríra ipò, tí wọ́n sì gba àṣẹ orí àwọn olùyọ̀ǹda lọ́wọ́ Lord Lieutenant, ó padà sọ́wọ́ ọbabìnrin àti iléeṣẹ́ ogun. Wọn kò ta àwọn èèyàn ẹkùn nù o. Lord Lieutenant ṣì lè dárúkọ ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọlé. Nígbà tí Haldane, tí òun náà jẹ́ mínísítà ogun, sì dá Territorial Force, tó wá di Territorial Army, sílẹ̀ ní 1908, ìgbìmọ̀ ẹkùn ló ń kó èèyàn jọ, tó ń wá ilé àti ohun èlò, àmọ́ iléeṣẹ́ ogun ló ń kọ́ wọn níṣẹ́, òun náà ló ń pàṣẹ. Ará àdúgbò mọ ọmọ tó yẹ kó wọlé, nítorí ó mọ bàbá rẹ̀. Ìdí yẹn gan-an ni kò fi yẹ kó jẹ́ òun ni yóò máa gbé e ga.

Ìtàn tiwa le ju tiwọn lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ló jagun ní Burma nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kò sì sí ọ́físà kan nínú wọn. Bó ti wù kí ẹnì kan lákin tó, òyìnbó ló wà lórí rẹ̀. Ọdún 1948 ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ di ọ́físà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Samuel Adémúlégún, ọmọ Oǹdó, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ojú ọ̀nà nílùú náà, gba tirẹ̀, lọ́dún kan náà pẹ̀lú Aguiyi-Ironsi. Nígbà tí Welby-Everard, òyìnbó tó ṣe olórí ológun wa kẹ́yìn, fẹ́ lọ ní 1965, orúkọ àwọn méjèèjì yìí wà lẹ́nu àwọn èèyàn, pẹ̀lú ti Ògúndípẹ̀ àti Maimalari. Ironsi ni ìjọba mú. Kì í ṣe aláìtóótun, ó ti darí ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Congo. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀yà àti ẹgbẹ́ òṣèlú ni púpọ̀ nínú ará ìlú fi wo ìyànsípò náà. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn sójà tó dìtẹ̀ sí ìjọba yìnbọn pa Adémúlégún àti ìyàwó rẹ̀ nílé wọn ní Kàdúná, ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966. Ìyànsípò kan kọ́ ló fa ìyẹn. Síbẹ̀, sójà tó bá ti gbà pé ilé olóṣèlú ni ipò ti ń wá, ibẹ̀ ni yóò kọjú sí.

Àwọn kan yóò ní sójà àti ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì la nílò lókè, nítorí wọ́n ti mọ iṣẹ́. Lóòótọ́, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Èkìtì fi sójà tó ti fẹ̀yìn tì ṣe olórí Àmọ̀tẹ́kùn wọn, Ògùn sì kọ́kọ́ fi ọlọ́pàá ṣe é. Fún olórí, mo gbà. Bó bá wá jẹ́ pé gbogbo ipò tó ṣí sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n ń fi ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì dí, ọmọ ìlú tó wọlé láti ìsàlẹ̀ yóò dúró síbẹ̀ bí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó jagun ní Burma.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ìdánwò yóò lé ọdẹ tí kò kàwé jáde, bẹ́ẹ̀ òun ló mọ igbó. Ta ló ní kí ìdánwò jẹ́ ti bébà? Kí wọ́n ṣe é ní Yorùbá, nínú igbó Ìdànrè bó bá gbà bẹ́ẹ̀: kó tọ ipasẹ̀, kó darí èèyàn mẹ́wàá lóru, kó ṣàlàyé ohun tó yẹ ní ṣíṣe sí ẹni tí wọ́n mú kí ẹjọ́ má baà bàjẹ́ ní kóòtù. Èyí kẹ́yìn yìí ló ṣòro jù, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó bá ní kí a kúkú tẹ̀ lé ẹni tó kọ́kọ́ wọlé, bí wọ́n ti ń gun oyè ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní láárí, torí ètò yẹn kì í jẹ́ kí ìjà oyè pọ̀. Ṣùgbọ́n arúgbó ló sábà ń dé òkè níbẹ̀, a kò sì lè rán arúgbó lé ajínigbé. Kí iye ọdún lẹ́nu iṣẹ́ fún èèyàn láyè láti jókòó ṣe ìdánwò, kó má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ pípín ipò láàárín Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti Ìlàjẹ náà yẹ kó parí síbi ìgbàwọlé.

Ti ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣe ìgbéga náà kò le. Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fún Ààrẹ láṣẹ láti yan ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, ó sì gbé ìgbéga àwọn yòókù fún àjọ mìíràn, Police Service Commission. Lóòótọ́, Ààrẹ náà ló ń yan àwọn tó wà nínú àjọ ọ̀hún, ṣùgbọ́n Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, wọ́n sì ní iye ọdún tí wọn yóò lò. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àkúrẹ́ lè ṣe irú rẹ̀ fún Àmọ̀tẹ́kùn, kí wọ́n sì fi kún un pé a ó lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ gbé ga mọ́ ara ògiri ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ gbogbo, pẹ̀lú èsì ìdánwò wọn. Ẹni tó bá rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ yóò ní oṣù kan láti kọ ìwé ẹ̀sùn kí wọ́n tó gbé àmì tuntun lé ẹnikẹ́ni léjìká.