Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ọ̀rọ̀ Kọ̀ǹpútà Lẹ́bàá Ṣàgámù Interchange

Ẹni tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tí ìdánwò JAMB gbé ṣánlẹ̀, ni a sábà máa ń fi òwe yìí tù nínú pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. A ó ní kó má sunkún, pé ibòmíràn wà tí yóò gbà débi ire rẹ̀. Ìtùnú tó dára ni. Ṣùgbọ́n a ti fi òwe yìí tu ara wa nínú títí a fi gbàgbé pé ìkìlọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọjà ìlú kan, oníbodè tó jókòó sójú ọ̀nà yẹn ló ni ọjà. Òun ni yóò dá iye owó ibodè, òun ni yóò sọ ìgbà tí ẹrù lè wọlé, òun náà ni yóò sì pinnu ẹni tí yóò ru ẹrù rẹ̀ padà sílé. Àwọn baba ńlá wa tó san owó ibodè mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Iṣẹ́ tèmi ni láti máa gba àwọn oníṣòwò, onílé ìtura àti oníléèwòsàn nímọ̀ràn lórí kọ̀ǹpútà àti sọ́fítíwia, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́, Ìperu àti Ìlíṣàn. N kò tíì rí ibi tí òwe yìí ti hàn sójú bíi Ṣàgámù Interchange. Níbẹ̀ ni ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí ìjọba ṣí ní 1978, ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀ àti Benin; ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń yà sí Abẹ́òkúta. Oríta yìí ló fa àwọn iléeṣẹ́ ńlá wá sí àgbègbè iléeṣẹ́ Flowergate, níbi tí Nestlé ti ṣí iléeṣẹ́ rẹ̀ ní 2011. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí táńkà epo kan ṣubú láàárín Interchange àti Mowe, ẹ ó rí bí ọkọ̀ yóò ṣe tò dé ibi tí ojú kò lè rí i mọ́. Awakọ̀ tó mọ ilẹ̀ a yà gba Ìkòròdú, tàbí kó gba Ìjẹ̀bú-Òde já sí Ẹ̀pẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ a sùn sójú títì.

Ohun tí awakọ̀ yẹn mọ̀ ni àwọn oníbàárà mi kì í béèrè. Ohun tí wọ́n máa ń fẹ́ mọ̀ ni, "Èwo ló yá jù? Èwo ló dínwó jù?" Ìyá kan tó ní ilé ìtura nítòsí Interchange ní kí n wá bá àwọn wo sọ́fítíwia tí wọ́n fẹ́ tà fún wọn, èyí tí yóò máa gba àlejò sílé, tí yóò máa ṣírò owó, tí yóò sì máa fi káàdì ṣí ilẹ̀kùn yàrá. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá, lọ́jọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, báwo ni àlejò yóò ṣe wọ yàrá rẹ̀?" Wọ́n yíjú sí ọmọkùnrin tó ń ta ọjà náà. "Ìwọ, o gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ bi mí àbí o ò gbọ́? Dá a lóhùn." Ó ní íntánẹ́ẹ̀tì kì í lọ mọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo ẹni tó ń fi ọjà títà jẹun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà ní Ṣàgámù ní oṣù Èrèlé 2023 kò lè gba irú èsì bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ ọdún náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀wàrà 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ kéde pé àwọn yóò pààrọ̀ owó ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Wọ́n dá gbèdéke sí ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Èrèlé, owó tuntun kò sì tó nílẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń fi owó pépà ra gààrí, tó ń fi í wọ ọkọ̀, tó ń fi í ra oògùn, ni wọ́n dà sórí ọ̀nà kan ṣoṣo lójijì, ìyẹn owó orí fóònù. Ọ̀nà náà kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ àwọn báńkì kò lè gba èrò tó ya lù wọ́n. Owó á kúrò lápò oníbàárà, kò ní dé ọwọ́ ìyá oníṣu, àwọn méjèèjì á sì dúró tira wọn, wọn á máa wo fóònù. OníPOS ń gba owó gọbọi lórí owó táṣẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù Èrèlé, inú bí àwọn ọ̀dọ́ Ṣàgámù débi pé wọ́n dáná sun báńkì bíi mélòó kan. Ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó dájọ́ pé kí a máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún náà.

Èmi kò fara mọ́ iná sísun. Iṣẹ́ àwọn ọmọ ìlú ló jóná nínú àwọn ilé yẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó bí wọn nínú. Wọn kò kórìíra owó orí fóònù, wọ́n ti ń lò ó tẹ́lẹ̀. A dí ọ̀nà àtijọ́ mọ́ wọn lójú nígbà tí ọ̀nà tuntun kò tíì fẹ̀. Ìtàn yìí ni mo máa ń sọ fún oníbàárà tó bá fẹ́ kó ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dà sí ààtàn lọ́jọ́ tí sọ́fítíwia tuntun bá wọlé.

Kíka iye ọ̀nà kò sì tó. Ó yẹ kí a tọ ipa ọ̀nà kọ̀ọ̀kan dé ibi tó ti wá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú òkun tó wà níwájú Abidjan ní Côte d'Ivoire. Orúkọ wọn yàtọ̀, àwọn tó ń tà wọ́n fún wa yàtọ̀, ilẹ̀ abẹ́ omi kan náà ni gbogbo wọn sì gbà kọjá. Báńkì àti iléeṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà fara gbá a. Oníṣòwò tó ń sanwó íntánẹ́ẹ̀tì fún olùtajà méjì, tó rò pé òun ti fẹ̀yìn ti ògiri, lè rí i lọ́jọ́ yẹn pé ọ̀nà kan náà ni òun ń ra lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí olùtajà wọn ní ẹ̀ka lórí Glo-1, tàbí lórí Equiano tí Google mú dé Èkó ní 2022, ló rí ibi yà sí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ní kí olùtajà kọ orúkọ wáyà tó ń lò sínú ìwé àdéhùn. Àwọn kan máa ń bínú. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni.

Ọ̀rọ̀ owó ibodè náà wà níbẹ̀ síbẹ̀. Kí ó tó di àárín oṣù Òkúdù 2023 tí ìjọba tú okùn ọrùn náírà, dọ́là kan jẹ́ bíi ₦470. Ní ìparí oṣù Èrèlé 2024 ó ti ju ₦1,500 lọ. Ká ní iléeṣẹ́ kan ń san $200 lóṣù fún cloud, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí a ń háyà lókè òkun: ohun tó jẹ́ ₦94,000 di ₦300,000, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ kankan kún iṣẹ́. Inú mi dùn nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì Starlink dé Nàìjíríà ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023, nítorí àwọn abúlé wa tí wáyà kò dé. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2024, wọ́n kéde pé owó oṣooṣù yóò fò láti ₦38,000 sí ₦75,000, títí NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, fi dìde sí i. N kò bá wọn jà, oníṣòwò ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti já wáyà àtijọ́ sọnù nítorí wọn, ẹnu wo ni yóò fi dúnàá dúrà?

Àwọn báńkì ńlá gan-an kò yọ nínú ewu ọ̀nà kan ṣoṣo yìí. Láàárín oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ sí Ọ̀wàrà 2024, GTBank kó kúrò lórí sọ́fítíwia Basis lọ sórí Finacle ti àwọn ará Íńdíà. Zenith kó lọ sórí Flexcube. Sterling fi T24 ti iléeṣẹ́ Temenos sílẹ̀, ó sì bọ́ sórí SEABaaS, èyí tí báńkì náà fi yangàn pé iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Áfíríkà ni. Àwọn oníbàárà rí pọ́npọ́nsú nínú ìṣípòpadà yìí. Àwọn mìíràn kò rí owó wọn fọwọ́ kàn fún ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fi èyí bú àwọn báńkì náà. Èmi rí i lọ́nà mìíràn. Ẹni tó ti ń gba ọ̀nà kan fún ọdún gbọọrọ, tí gbogbo ìṣirò owó rẹ̀ ti hu gbòǹgbò síbẹ̀, kò lè yà kúrò níbẹ̀ láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Mo yìn wọ́n pé wọ́n yà, mo sì yin Sterling jù, nítorí pé ó gbà kí àwọn tiwa náà la ọ̀nà.

Oníbàárà máa ń sọ fún mi pé ọ̀nà méjì, owó méjì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe kò sọ pé kí a gba gbogbo ọ̀nà lọ́jọ́ kan náà, kò sì sọ pé ọ̀nà kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọlọ́dà. Ní ilé ìtura tí mo mẹ́nu bà, ọ̀nà kejì ni kọ́kọ́rọ́ irin tó so kọ́ sí ọ́fíìsì máníjà, àti ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ jáde ní alaalẹ́ tó ní orúkọ gbogbo àlejò àti nọ́ńbà yàrá wọn. Iye tí ìyẹn ń ná wọn kò tó owó dísẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù ni ọ̀dọ̀ àwa agbaninímọ̀ràn fúnra wa. Olùtajà máa ń fi owó ẹ̀yìn lọ̀ wá kí a lè darí oníbàárà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá gbà á, tí kò sọ fún oníbàárà, ti di ọmọ oníbodè, kì í ṣe agbaninímọ̀ràn mọ́. Èmi máa ń sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, a ó sì yọ ọ́ kúrò nínú iye tí oníbàárà yóò san. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wo ìwé àdéhùn fún ohun kan: lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ lọ, ṣé a ó lè kó dátà wa, ní irú ìwé tí ẹ̀rọ ẹlòmíràn lè kà, láàárín ọjọ́ mélòó, ta ni yóò sì san owó rẹ̀? Òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Òkúdù 2023 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti gba ìsọfúnni nípa ara rẹ̀ kó sì gbé e lọ sí ibòmíràn. Ẹ̀tọ́ ènìyàn nìyẹn. Ti iléeṣẹ́, àfi kí ó wà nínú àdéhùn kó tó fọwọ́ sí i, nítorí olùtajà lónìí lè di ti ẹlòmíràn lọ́la. MainOne tí Fúnkẹ́ Ọ̀pẹ̀kẹ̀ dá sílẹ̀, tó mú wáyà rẹ̀ dé Èkó ní 2010, di ti Equinix ti Amẹ́ríkà ní 2022, ní $320 mílíọ̀nù. Iṣẹ́ ìyá yẹn wú mi lórí, owó náà sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí àdéhùn rẹ̀ dúró lórí pé òun mọ ọ̀gá iléeṣẹ́ kò ní àdéhùn.

Ọ̀nà tí gbogbo ẹsẹ̀ dà gbà báyìí ni AI. Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù Bélú 2022, ó ṣòro kí n rí olùtajà tí kò fi lẹ́tà méjì yẹn kún orúkọ ọjà rẹ̀. Mo ń bi wọ́n léèrè pé ẹ̀rọ ta ni ó wà nísàlẹ̀ tiwọn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni olùtajà márùn-ún sì máa ń tọ́ka sí iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà méjì tàbí mẹ́ta kan náà. Òkun iwájú Abidjan rèé lẹ́ẹ̀kan sí i.

Oníléèwòsàn kan ní agbègbè Ìkẹ́nnẹ́ ní kí n bá òun wá èyí tó dára jù nínú wọn. Ọjà ni òwe náà dárúkọ, ẹni tó pa á sì ti mọ ohun tó fẹ́ rà kó tó wá ọ̀nà. Mo bi dókítà náà ní ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ àwọn aboyún tí kò padà wá fún àyẹ̀wò, kí àwọn tó gbọ́ ìròyìn wọn níbòmíràn. Inú ìwé ńlá mẹ́ta àti fóònù nọ́ọ̀sì kan ni orúkọ àwọn aboyún náà wà. A kò ra AI kankan. A kó gbogbo orúkọ jọ sójú kan nínú kọ̀ǹpútà, a sì tẹ ẹ̀dà rẹ̀ sórí pépà: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ àyẹ̀wò tó kàn, àti orúkọ nọ́ọ̀sì tí yóò pè wọ́n ní àárọ̀ Mọ́ńdè.