Aṣọ Ẹgbẹ́ àti Ìkòkò Aró

Kò sí ìgbà tí ìdìbò bá súnmọ́ tí a kì í rí aṣọ ẹgbẹ́ lọ́tùn-ún lósì: ìró, bùbá, fìlà àti gèlè, pẹ̀lú àmì ẹgbẹ́ àti àwòrán olùdíje lára wọn. Owó ńlá ni a ń ná sí i. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń gba owó náà? Ẹ̀rọ ni ó tẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú aṣọ wọ̀nyí, òkè òkun sì ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ẹni tí ó dúró lórí pèpéle tí ó ń ṣe ìlérí iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ wa, aṣọ ọrùn rẹ̀ ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn kí ó tó la ẹnu. A kò dárúkọ ẹgbẹ́ kankan, nítorí a kò tíì rí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú ọ̀ràn yìí.

Ẹ jẹ́ kí a wo àdìrẹ Abẹ́òkúta, tí ọjà Ìtòkú jẹ́ ojúbọ rẹ̀. Kí àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan ṣoṣo tó di ohun tí a lè ró, àgbẹ̀ tí ó gbin ẹ̀gẹ́ tí a fi ro ẹ̀kọ rẹ̀ ti jẹ nínú rẹ̀. Amọ̀kòkò tí ó mọ ìkòkò aró ti jẹ. Aládìrẹ tí ó fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sára aṣọ funfun ti jẹ. Aláró tí ó gún ewé èlú, tí ó sẹ́ omi eérú, tí ó sì fi sùúrù dúró títí aró fi mú, òun náà ti jẹ, kí a tó wá kan oníṣòwò tí yóò gbé e lọ sí ọjà. Aṣọ kan, ilé márùn-ún! Èyí ni a gbé jù sílẹ̀ nítorí pé ti ẹ̀rọ pọ́ọ́kú.

Àwọn kan yóò ní kò ṣeé ṣe láti ya àmì ẹgbẹ́ sára àdìrẹ. Wọn kò mọ ìtàn. Ọnà Ìbàdàndùn gbé òpó gbọ̀ngàn Mápó, èyí tí a ṣí ní ọdún 1929, sórí aṣọ. Nígbà tí Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún sì pé ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní 1935, àwọn aládìrẹ ya òun àti Ayaba rẹ̀ sára aṣọ, àwọn ènìyàn sì rà á. Ọwọ́ tí ó ya ọba Gẹ̀ẹ́sì kò ní gbọ̀n níwájú àmì ẹgbẹ́ òṣèlú.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì wá gbọ́ pé ohun gbogbo láti òkèèrè ni ọ̀tá. Àdìrẹ fúnra rẹ̀ gbilẹ̀ nítorí aṣọ funfun tí ó ti Ìlú Ọba wá. Àwọn aláró náà kò sì ṣàì ní ẹ̀bi tiwọn. Nígbà tí aró òyìnbó àti sódà dé, iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lò a máa ba aṣọ jẹ́, àwọn oníbàárà sì ń ráhùn. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi òfin dè wọ́n; ní ọdún 1936 àwọn obìnrin aláró dìde, wọ́n tako òfin náà. Ó yé wa pé oúnjẹ wọn ni wọ́n ń jà fún. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ń ta aṣọ tí ó ń ṣí nígbà tí a bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ń ran ẹlẹ́rọ lọ́wọ́. Ní òde òní, ayédèrú ni ó burú jù: aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí a jí ọnà àwọn ìyá wa sí lára, tí a sì ń tà ní ọjà wa lórúkọ àdìrẹ. Onígbá ní í pe igbá rẹ̀ ní pàǹkárá kí wọ́n tó bá a fi kó ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wa kan ẹ̀yin olùkọ́ pẹ̀lú. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù Kínní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró, wọ́n bọ́ sí kíláàsì. Inú wa dùn sí i, a kò sì ní sọ ohun mìíràn láé. Ṣùgbọ́n kí ni ilé ìwé fi dípò ohun tí ọmọ náà ìbá kọ́ nílé? Iṣẹ́ ọwọ́ tí a ń ṣe nínú ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò ju pé kí ọmọ mú ìgbálẹ̀ wá. Ọmọ a lọ rà á lọ́jà, olùkọ́ a fún un ní máàkì, ìgbálẹ̀ a sì bá olùkọ́ lọ sílé. (Ẹ má bínú, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni.) Ẹ pe aláró kan wá sí kíláàsì fún wákàtí kan. Kí àwọn ọmọ rí i pé bí aṣọ ti ń jáde nínú èlú, àwọ̀ ewé ni ó ní, àti pé afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di aró lójú wọn. Olùkọ́ kẹ́mísìrì tí kò bá rí ẹ̀kọ́ kọ́ wọn níbẹ̀, ti ara rẹ̀ ni ó ń wá.

Ní ti ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́, a kò ní kí gbogbo aṣọ ẹgbẹ́ di àdìrẹ lọ́jọ́ kan. Owó rẹ̀ ga ju ti ẹ̀rọ lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi gèlè àti fìlà bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò aró kò mọ ìkánjú: ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ẹgbẹ̀rún gèlè, kí ó ránṣẹ́ sí Ìtòkú ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, kí ó sì fi àsansílẹ̀ owó rán ìránṣẹ́ náà.