Sí Kọmíṣánnà Fún Iná: Ta Ló Ní Kí Wọ́n Fi Ilé Wa Dán Súwíìṣì Wò?

Mo gbọ́ yín lórí rédíò láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ ní ìdánwò lásán ni, pé ìnira díẹ̀ ló bá a wá. Ìnira díẹ̀ fún ta ni?

Ẹ kúkú mọ àpótí tí iléeṣẹ́ apínná gbé kọ́ ẹ̀gbẹ́ tíráńsífọ́mà wa. Thyristor ni wọ́n tò sínú ẹ̀, kó lè máa gbé iná tó bá lọlẹ̀ sókè. N ò bá ọgbọ́n jà. Ṣùgbọ́n irú súwíìṣì bẹ́ẹ̀, tó bá jóná, kì í sábà já, ńṣe ló máa ń lẹ̀ pọ̀. Ibi tó ti ń gbé iná sókè ni tiwa lẹ̀ mọ́. Nígbà tílẹ̀ ṣú, táwọn alọta àti wẹ́dà paná, iná wa ga kọjá àlà.

Gílóòbù tàn funfun báláú, ó bú. Sìtàbìláísà ìyá mi rú èéfín. Fíríìsà méjèèjì tó fi ń ta ẹja kú, kòté àti Títù tó fowó àjọ rà ṣì kún inú wọn. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, omi ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ìyá ẹni ọdún 71 jókòó sórí àpótí ìjókòó, ó ń fìka tẹ ẹja wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ṣì le, á ní òun máa yan án. A gbẹ́ ilẹ̀ sin ìyókù. Ẹja la sin, sà! Ọ̀gá kan láti iléeṣẹ́ náà wá, ó bi í bóyá rìsíìtì wà.

Ṣé bí wọ́n ṣe ń dán nǹkan tuntun wò nìyẹn? Lọ́dún 1967, ẹyọ kan péré lára àwọn fáàfù àtijọ́ tó ń yí iná padà ni wọ́n fi thyristor rọ́pò lórí wáyà tó lọ sí Gotland ní Sweden. Nígbà tí IGBT, súwíìṣì tuntun mìíràn, dé, wáyà kìlómítà 10 ni wọ́n fi dán an wò ní Sweden kan náà ní 1997, mẹ́gáwáàtì 3 péré. Tiwa, odidi àdúgbò, lóru, láìsọ fẹ́nikẹ́ni. Àwa tá à ń san owó Band A tó fò láti ₦68 sí ₦225 fún yúnìtì kan lóṣù kẹrin 2024!

Ẹ má sọ pé Àbújá ni, òfin iná ọdún 2023 ti ṣílẹ̀kùn fún ìpínlẹ̀. Kí iléeṣẹ́ apínná tú àpótí yẹn lọ lónìí. Kí wọ́n sanwó ẹja, sanwó fíríìsà, sanwó gbogbo ohun tó jó lójúlé kọ̀ọ̀kan, láìbéèrè rìsíìtì. Ẹ jẹ́ ká rí ìwé àyẹ̀wò àpótí náà: ṣé wọ́n ti gbé ẹrù iná lé e rí kó tó dé ọ̀dọ̀ wa? Bíréékà wo ló yẹ kó já nígbà tí súwíìṣì náà lẹ̀ pọ̀?