Aláǹgbá àti Ògiri Inú Iṣan

Bí àṣírí ẹbí bá tú síta, tàbí tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan bá fọ́ sí méjì, òwe kan kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àgbà: bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Kíá ni ojú gbogbo èèyàn á yí sí aráalé, tí wọ́n á máa wá ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá. Èmi kò rò pé ẹ̀sùn ni òwe yìí wà fún. Kò pe ògiri ní ọ̀dàlẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé aláǹgbá nìkan kò lè dá ọ̀ràn sílẹ̀, àfi tó bá bá ibi tó sán lára ògiri pàdé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Melbourne, ní Ọsirélíà, mú un ṣe kedere. Ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún 21 kan kán lẹ́sẹ̀, iṣẹ́ abẹ sì di dandan. Ẹsẹ̀ tó kán kọ́ ló ń bà á lẹ́rù, oògùn oorun ni. Ó ní mẹ́wàá nínú àwọn ìbátan òun ló ti gba ether fún iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n sì tibẹ̀ kú. Àwọn dókítà gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n fi ether sílẹ̀, wọ́n lo halothane tó ṣì jẹ́ tuntun nígbà náà. Kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí ara rẹ̀ fi gbóná, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré kíkan. Wọ́n dá oògùn dúró, wọ́n to yìnyín sí i lára, orí sì kó o yọ. Michael Denborough àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Lovell kọ ìròyìn náà sínú The Lancet ní 1960.

Kí ló wà lára ọmọkùnrin yìí tí kò sí lára ẹlòmíì tó gba halothane kan náà, tó sùn, tó sì jí?

Nínú fọ́nrán iṣan tó so mọ́ egungun wa, àpò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó yí okùn inú iṣan po. Kálísíọ́ọ̀mù ló kún inú rẹ̀. Nígbà tí iṣan bá ń sinmi, ti inú àpò fi ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún ju ti ìta lọ, ògiri àpò ló sì sé e mọ́. Ẹnu ọ̀nà tó wà lára ògiri náà ni wọ́n ń pè ní ryanodine receptor. Ti iṣan egungun ni RyR1. Májèlé tí wọ́n fà yọ lára igi Ryania, tí wọ́n fi ń pa kòkòrò tẹ́lẹ̀, ló fún un lórúkọ. Ẹ̀yà mẹ́rin ló para pọ̀ di ẹnu ọ̀nà kan, amino acid tó lé ní 5,000 ló sì wà nínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Purotéènì tó tóbi tó báyìí kò pọ̀ lára èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ fẹ́ gbé ife omi. Ọpọlọ ránṣẹ́, iná tíntín gba ara fọ́nrán iṣan wọnú lọ. Purotéènì kan tó fara kan RyR1 mọ̀ ọ́n lára pé iná ti dé, ó mira, ẹnu ọ̀nà sì là. Kálísíọ́ọ̀mù tú jáde, ó lẹ̀ mọ́ purotéènì tí wọ́n ń pè ní troponin, èyí tí Setsuro Ebashi, ará Japan, ṣàwárí ní àwọn ọdún 1960. Troponin wá yẹ ìdènà kúrò lọ́nà, okùn myosin di okùn actin mú, ó fà á, iṣan sún kì, ife kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni purotéènì mìíràn á máa kó kálísíọ́ọ̀mù padà sínú àpò, ATP tó jẹ́ agbára ara ló sì ń ná sí i. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan.

Kí ẹni tó ń fi òwe yìí bú ògiri wo ibí dáadáa. Ògiri tí kò lanu rárá kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ife. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú àléébù RyR1, tí kálísíọ́ọ̀mù tó ń jáde kò tó, tí iṣan wọn rọ jọwọlọ láti kékeré. Kó là lásìkò, kó sì padà pa dé, òun la fẹ́.

Àrùn ọ̀dọ́kùnrin Melbourne yẹn ni wọ́n wá sọ ní malignant hyperthermia; lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ní i, ẹnu ọ̀nà yìí kan náà ni kò dúró ire. Ó lè pa dé fún ogójì ọdún kí ẹnikẹ́ni má fura. Ọjọ́ tí halothane tàbí suxamethonium, oògùn tó ń mú iṣan rọ̀ fún iṣẹ́ abẹ, bá kàn án, ó lè là, kó má sì pa dé mọ́. Gbogbo iṣan á le gbagidi, àgbọ̀n á há, ATP á máa jó lọ láìdúró, ooru rẹ̀ á sì mú kí ara gbóná kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ kan wà tó ní irú rẹ̀, tí wàhálà ọ̀nà ibi ìpẹran nìkan tó pa wọ́n. Ní 1991, àwọn onímọ̀ ní Toronto rí i pé amino acid kan ṣoṣo, èyí tó wà ní ipò 615, ló yí padà lára RyR1 wọn. Nínú 5,000 ó lé, ẹyọ kan! Ibi tó sán kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ta ni ká wá mú? Òbí tó ní i kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kí ìdajì àwọn ọmọ rẹ̀ jogún rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹni méjì bá kú sí tíátà nínú ẹbí kan, ọ̀rọ̀ ayé àti àjẹ́ la ó gbọ́, a ó sì bo ohun tó pa wọ́n mọ́lẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ìbòmọ́lẹ̀ yẹn ló ń bí mi nínú ju àrùn náà lọ.

Gaisford Harrison ní Cape Town ló fi ẹlẹ́dẹ̀ hàn ní 1975 pé oògùn dantrolene, tó ń pa ẹnu ọ̀nà yìí dé, lè dá àrùn náà dúró. Ṣáájú rẹ̀, bí mẹ́wàá bá kó sí i, bíi méje ló ń kú. Níbi tí oògùn yìí bá ti wà ní sẹpẹ́, ẹni tó ń kú kò tó ọ̀kan nínú mẹ́wàá mọ́. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ kò yá pò: mílígíráàmù 20 ló wà nínú ìgò kan, omi mílílítà 60 la fi ń pò ó, àgbàlagbà oníkílò 70 sì nílò bí ìgò mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sàn kí dókítà ti mọ̀ ṣáájú.

Nítorí náà, ẹ wádìí lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé yín bóyá ẹnì kan ti kú, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná lójijì, nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Bí iṣẹ́ abẹ bá kàn yín, ẹ sọ ọ́ fún dókítà tó fẹ́ fún yín ní oògùn oorun, kódà bí kò bá bi yín. Oògùn oorun mìíràn wà, bíi propofol, tí kì í ṣí ẹnu ọ̀nà yìí.