Àgbò Kì Í Jẹ "A Ó Padà Lọ Sílé"

Ẹ̀yin ará wa tí ó wà ní Sáríà níhìn-ín, lọ́kùnrin lóbìnrin! Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í sì í ṣe ti owó ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ koríko ni. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín, nítorí koríko ti sọ ọ̀pọ̀ nínú wa di onígbèsè.

Agbo-ilé tí kò ní àgbò kan tàbí méjì lẹ́bàá ògiri kò pọ̀ láàrin wa ní Sábóńgàrí. Onígbàgbọ́ ń sìn ín de Kérésì, Mùsùlùmí ń sìn ín de Iléyá, àwọn mìíràn sì ń kó o lọ sí Ìbàdàn àti Èkó láti tà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di oṣù Kejì, tí ọyẹ́ ti gbẹ pápá tán, a ó máa sáré kiri ọjà láti ra harawa, èyíinì ni ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà gbígbẹ, ní iye tí ó bá wu ẹni tí ń tà á. Bẹ́ẹ̀ ni ní oṣù Kẹwàá, nígbà tí àgbẹ̀ ń wu ẹ̀pà, harawa yìí kan náà pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, ó sì pọ́ọ́kú.

Ohun tí ó bà mí lẹ́rù jù ni pé Iléyá ń sún wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn. Ní 2023, ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ni ó bọ́ sí. Ní 2024, ọjọ́ 16. Ní 2025, ọjọ́ 6. Bí ọjọ́ mọ́kànlá ni ó fi ń yára dé sí i lọ́dọọdún. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn oṣù tí ó yẹ kí àgbò fi sanra ni oṣù tí ewéko tútù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí rárá ní ilẹ̀ Hausa. Ẹni tí kò bá tọ́jú oúnjẹ àgbò láti ìgbà ìkórè, egungun ni yóò fà lọ sí ọjà.

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí ti jìyà rẹ̀. Ní ọdún kan, mo ra ogún ìdì harawa, mo kó wọn jọ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, mo da tapólì bò wọ́n, mo rò pé mo gbọ́n. Nígbà tí mo ṣí i ní oṣù Kẹta, ikán ti jẹ ìsàlẹ̀, àárín ti bu, ó funfun bí òwú. Àwọn àgbò gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì yí ojú kúrò. Mo ta méjì ní ẹ̀dínwó kí ebi má baà pa wọ́n. Ìyàwó mi ní kí n dúpẹ́ pé kò gbiná, òtítọ́ sì ni ó sọ. Koríko tí a bá dì kí ó tó gbẹ máa ń gbóná láti inú ara rẹ̀, ó sì lè gbiná láìsí ẹni tí ó ṣáná sí i. Ẹ má sì sọ pé ẹran lè jẹ èyí tí ó bu. Ní 1960, tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tí ó ti bu.

Kí ni ó wá ń dí wa lọ́wọ́ láti kọ́ àká? Kì í ṣe owó nìkan. Ọ̀rọ̀ "a ó padà lọ sílé" ni. Láti ìgbà àwọn bàbá wa tí wọ́n bá rélùwéè dé ni a ti ń wí i. Ohun tí ó dára, a fi í pamọ́ de ìlú wa. Níhìn-ín, tapólì àti okùn ti tó. Àwọn kan ní ilẹ̀ kì í ṣe tiwa. Èmi kò bá wọn jiyàn. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a kọ́ àká tí ó ṣeé tú: òpó igi tí a fi nọ́ọ̀tù dè, àti páànù tí a lè ṣí. Bí onílẹ̀ bá ní kí a kúrò, a ó kó o bí ẹni ká ẹní.

Àgbò kan ń jẹ bí kílò kan àbọ̀ koríko gbígbẹ lóòjọ́. Láti oṣù Kejìlá dé ìparí oṣù Karùn-ún, bí 180 ọjọ́, yóò jẹ 270 kílò. Àgbò mẹ́wàá yóò jẹ 2,700. Bí a bá fi àpótí pákó tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí a tó dì í, àyè tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ó fẹ̀ ní 10, tí ó sì ga ní 8 yóò gbà á. Fún ogójì àgbò, ẹ sọ gígùn àti ìbú di ìlọ́po méjì.

Kí a gbé koríko sókè ní ẹsẹ̀ bàtà kan lórí búlọ́ọ̀kù àti pákó, kí afẹ́fẹ́ lè gba ìsàlẹ̀ kọjá. Kí a fi ọ́ìlì ọkọ̀ tí a ti lò kun ẹsẹ̀ òpó nítorí ikán. Kí a dí ìhà ìlà-oòrùn, nítorí ibẹ̀ ni ìjì òjò ti ń wá, kí a sì fi ẹsẹ̀ bàtà méjì sílẹ̀ láàrin koríko àti òrùlé. Nítorí iná, ẹ̀yìn ìlú ni kí ó wà, kì í ṣe àárín ilé.

Kí a tó kó o wọlé, ẹ bu ìkúnwọ́ koríko sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò, ẹ da iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sí i, ẹ dé e, kí ẹ mì í fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí iyọ̀ bá dì, koríko kò tíì gbẹ. Ṣùgbọ́n kí a má sá harawa títí ewé rẹ̀ yóò fi wó dànù, nítorí inú ewé ni oúnjẹ wà.

Ẹnìkan yóò béèrè pé ta ni yóò mú kọ́kọ́rọ́. Ìbéèrè rere ni, nítorí ohun àjùmọ̀ní ti dìjà rí. Kí àgádágodo jẹ́ méjì, kí kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan wà lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin, kí èkejì wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, kí akọ̀wé sì kọ iye ìdì olúkúlùkù sínú ìwé.

Mo bẹ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò kí oṣù Kẹwàá tó dé. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. A ó padà lọ sílé lóòótọ́, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ṣùgbọ́n àgbò ń ké lẹ́yìn ilé lónìí, kò sì bi wá ní ọjọ́ tí a ó lọ.

Èmi ni tiyín,
Olùsìn-àgbò kan